Ìjàkadì loró ọfà: bí ọdún yìí ṣe lọ fún èmi àti àwo orin mi

Oṣù Kẹrin ni mo ní àwo orin mi máa jáde. Mo sọ fún àwọn ará ilé, mo sọ fún ọ̀gá akọrin wa, mo tún sọ fún ìyá alákàrà ẹnu ọ̀nà wa, torí òun ló ń gbọ́ ariwo rẹ̀ jù, ó sì yẹ kó mọ ohun tó ń dí òun létí. Òní ni ọjọ́ 29 oṣù Kejìlá. Àwo ò tíì jáde. Orin mẹ́sàn-án ni mo dáwọ́ lé. Mẹ́fà ti parí, ìkeje wà ní ṣíṣí lórí kọ̀ǹpútà bí mo ṣe ń kọ èyí, méjì tó kù bá háàdì dírafù kú lóṣù Karùn-ún. Mi ò ní ẹ̀dà wọn níbòmíràn. Ẹ má bi mí léèrè ìdí, ìyàwó mi ti bi mí tó.

Fún ẹni tí kò bá mọ irú orin tí mò ń ṣe: orin ńlá ni, irú èyí tí ẹ máa ń gbọ́ nínú fíìmù nígbà tí ogun bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀. Violin rẹpẹtẹ, ìpè, ìlù tó ń mi ilẹ̀, akọrin tó ń ké "ààà", kí n wá fi synthesizer, ẹ̀rọ tó ń ṣẹ̀dá ohùn, gbé gbogbo rẹ̀ nídìí. Kò sí ọ́kẹ́sírà kankan nínú yàrá mi ní Ṣómólú o. Kọ̀ǹpútà ni. Àwọn òyìnbó ló jókòó, tí wọ́n ta nóòtì kọ̀ọ̀kan, jẹ́jẹ́ àti kíkan, wọ́n gbà á sílẹ̀, wọ́n sì dì í fún àwa tí a ò lówó ọ́kẹ́sírà. Èyí tí mo fi bẹ̀rẹ̀, BBC Symphony Orchestra Discover, ọ̀fẹ́ ni mo gbà á. Maida Vale ní London ni wọ́n ti gba ohùn ẹ̀ sílẹ̀. Tí mo bá tẹ kíbọọ̀dù ní Ṣómólú, ẹnì kan tó jókòó ní London nígbà kan rí á ta violin ẹ̀. Títí di òní, ó ṣì máa ń yà mí lẹ́nu.

Orin kìíní ni kí n sọ dáadáa, torí òun ló jẹ ọdún yìí mọ́ mi lọ́wọ́.

Ọmọ Ọ̀fà ni ìyá mi. Gbólóhùn kan wà nínú oríkì wọn tí kò sí ọmọ ibẹ̀ tí kò mọ̀ ọ́n: Ìjàkadì lorò Ọ̀fà. Mo mú un, mo sọ ọ́ di ohùn violin, láìsí ọ̀rọ̀ kankan. Mo jẹ́ kí violin gbé e gòkè, kí ìpè gbà á lẹ́nu wọn, kí ìlù wó lé e lórí. Lóṣù Kejì mo pe bàbá onílù kan láti Muṣin, kó wá fi dùndún lé e. Lójú tèmi, orin ti parí. Ìpele ohùn 140 ló wà lórí ara wọn, kọ̀ǹpútà ń mí hẹlẹhẹlẹ. Bàbá mu mínírà, wọ́n gbé headphone lé orí fìlà. Mo ń wo ojú wọn, mo ń retí oríyìn. Wọ́n gbọ́ ọ tán, wọ́n yọ headphone, wọ́n ní:

"Ta ni wọ́n ta lọ́fà?"

Mo ní, "Bàbá, ẹ ní kí ni?"

"Àwọn gòjé òyìnbó rẹ yìí. Wọ́n ní ìjàkadì loró ọfà. Kí ni oró ọfà ń wá nínú oríkì ìyá ẹ?"

Wọ́n há dùndún mọ́ abíyá, wọ́n lu ohun tí mo kọ, lẹ́yìn náà wọ́n lu ohun tó yẹ kí n kọ. Ara mi bù máṣọ.

Ẹ fi dò, re, mí wò ó, bí wọ́n ṣe kọ́ wa nílé ìwé. Gbólóhùn yẹn ni: dò dò re dò, re dò, dò dò. Nínú ìró mẹ́jọ, mẹ́fà ló wà nílẹ̀, kò sí mí kankan nínú ẹ̀. Èmi kọ ọ́ báyìí: dò dò re dò, re mí, re dò. Ìró méjì péré ni mo gbé sókè. Orò di oró, Ọ̀fà ìlú di ọfà inú apó. Kí ló dé tí mo fi gbé e sókè? Orin fíìmù ò mọ̀ ju àtigòkè lọ. Bí violin bá ti bẹ̀rẹ̀, ó gbọ́dọ̀ máa gùn. Ọwọ́ mi gùn ún fúnra ẹ̀, etí mi ò bi í léèrè ibi tó ń lọ.

Èyí tó dùn mí jù ni pé mo mọ ọ̀rọ̀ yìí tẹ́lẹ̀. Ní Kàtídírà Christ Church ní Marina, Èkó, láti 1914 títí di 1962, T. K. Ekúndayọ̀ Phillips ló ń ta dùùrù, òun ló sì ń darí akọrin. Gbogbo wa tó dàgbà nínú akọrin la gbọ́ ọ pé ó ní orin Yorùbá gbọ́dọ̀ tẹ̀lé ohùn ọ̀rọ̀. Ó kọ ọ́ sínú ìwé ní 1953. A mọ̀ bí orin ìsìn ìgbàanì ṣe ń yí ọ̀rọ̀ po nítorí pé ohùn òyìnbó ni wọ́n fi kọ ọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń kọrin ni mo rò pé ọ̀rọ̀ náà kàn. Violin ò lẹ́nu, kí ló fẹ́ ṣì sọ? Bàbá Muṣin fẹ́rẹ̀ẹ́ rẹ́rìn-ín kú nígbà tí mo sọ èyí. Wọ́n na ìlù sí mi: "Èyí ńkọ́, ibo lẹnu ẹ̀ wà?"

Mo tú orin náà palẹ̀. Mo gba gbólóhùn yẹn lọ́wọ́ violin, mo gbé e fún cello, torí ìsàlẹ̀ ni ilé cello. Ìpele 140 di 38. Ẹ gbọ́, ó wá tóbi ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Mi ò lè ṣàlàyé ẹ̀ tán. Àfi bí ìgbà tí gbogbo èèyàn inú yàrá dákẹ́ kí àgbàlagbà kan lè sọ̀rọ̀.

Iṣẹ́ tó kù wà lára ìró ìparí, "fà" yẹn. Kì í dúró sójú kan. Ó máa ń rọra rì ni. Mo fi fóònù ká ìgbọ̀nwọ́ bàbá sílẹ̀, mo wò ó títí ojú ń ta mí. Kọ̀ǹgọ́ á kọ́kọ́ kan awọ, ìgbọ̀nwọ́ á wá tú ọsán ìlù sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Díẹ̀ báyìí ló wà láàárín méjèèjì, kò tó ìṣẹ́jú àáyá kan. Lórí kọ̀ǹpútà, nọ́ńbà ni gbogbo ẹ̀: bí mo ṣe tẹ kíbọọ̀dù le tó, láti 0 dé 127, bí cello ṣe ń mí, láti 0 dé 127. Òru mẹ́ta ni mo fi ń fa ìlà kan ṣoṣo tí ìró yẹn ó gbà rì. Mo mọ̀ pé ẹlòmíì á ní kí ni mo ń wá kiri.

Lóṣù Kẹjọ mo kówó jọ, mo gba ọmọ mẹ́rin tó ń ta okùn, láti fi ẹran ara díẹ̀ sára kọ̀ǹpútà. Gbọ̀ngàn ṣọ́ọ̀ṣì kan ní Yábàá la lò. A pa jẹnẹrétọ̀ nítorí ariwo, kò sí fáànù, gbogbo wa ń làágùn bí ẹni ń gúnyán. Òjò bẹ̀rẹ̀ lórí páànù nígbà tí a dé orin kejì, wákàtí kan gbáko bá a lọ. Ọmọ Ìgbò lẹni tó ta cello. Ó ta nóòtì náà pé pérépéré, kò sì dùn. Ó wá bi mí pé, "Kí ni mò ń sọ gan-an?" Mo kọ́ ọ ní gbólóhùn náà. Ó sọ ọ́ lẹ́nu bí ìgbà márùn-ún, ó gbé ọ̀pá ẹ̀, a ò gba ẹ̀ẹ̀kejì sílẹ̀ mọ́. "Ìjàkadì!" ló fi ń kí mi lórí fóònù báyìí.

Owó ni mi ò ní sọ púpọ̀ lé lórí. Ó ti wọgbó.

Ohun kan wà nínú àwo náà tí mi ò rà: jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò. Inú gbogbo ohùn tí mo gbà sílẹ̀ nílé ló wà. Mo kọ́kọ́ ń gbìyànjú láti yọ ọ́ kúrò, ó ń bá ohùn ìlù jáde. Lálẹ́ ọjọ́ kan, mo wọn ìró ẹ̀: ó ń rìn yí ká 50 Hz, ìyẹn ni pé ó ń gbọ̀n bí ìgbà àádọ́ta ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Tí ẹ bá tún piano ṣe kí nóòtì A àárín ẹ̀ jẹ́ 440 Hz, nóòtì G tó wà nísàlẹ̀ jù lórí ẹ̀ á jẹ́ 49 Hz. Àṣé G ni aládùúgbò mi ń kọ láti ọjọ́ yìí wá, ó kàn ga díẹ̀ ni. Tí wọ́n bá ki áyọ́ọ̀nù bọ̀ ọ́, á relẹ̀ dé G gan-an, nígbà mìíràn á kọjá ẹ̀. Mo gbé máìkì sójú fèrèsé, mo gbà á sílẹ̀, mo sì kọ orin kẹrin sórí G. Níbi tí ẹ ó ti gbọ́ ọ tí ilẹ̀ dà bíi pé ó ń yọ̀ lábẹ́ àwọn cello, aṣọ ni wọ́n ń lọ̀ níbẹ̀.

Lóṣù Kẹwàá mo tún jókòó ti African Suite tí Fẹlá Ṣówándé, ọmọ iṣẹ́ Phillips fúnra ẹ̀, kọ ní 1944. Okùn àti háàpù nìkan ni. Kò sí ìlù kan ṣoṣo, ilé ni ẹ ó sì máa gbọ́. Mo lọ yọ ìlù kúrò nínú orin karùn-ún lọ́jọ́ náà. Bàbá Muṣin ò tíì mọ̀.

Ìyá mi wá lò Kérésìmesì lọ́dọ̀ wa. Mo jẹ́ kí wọ́n gbọ́ orin keje, èyí tó dá gbólóhùn Ọ̀fà padà níparí. Wọ́n ń bó ẹ̀gúsí, wọn ò gbójú sókè. Nígbà tí cello dé, ẹnu wọn bẹ̀rẹ̀ sí í lọ, wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, pẹ̀lú ìró náà. Ọkàn mi ti ń fò sókè nígbà tí wọ́n dákẹ́.

"Wọ́n fo ibì kan," ni wọ́n wí. "Wọn ò kí bàbá mi."

Òótọ́ ni. Ibẹ̀ ni mo gé, kí ìpè lè tètè wọlé. Mo ní, "Mọ́mì, orin fíìmù ni, wọn kì í pẹ́ níbẹ̀."

"Fíìmù ta ni?"

Wọ́n padà sídìí ẹ̀gúsí wọn. Ìdí nìyẹn tí orin keje fi ṣì wà ní ṣíṣí. Láti àná ni mo ti ń dá ohun tí mo gé padà, cello ti ń kí bàbá náà lọ́wọ́, ó ku orúkọ kan. NEPA ṣẹ̀ṣẹ̀ mú iná lọ, aládùúgbò sì ti ń fa okùn jẹnẹrétọ̀ ẹ̀.