Savimbi nínú ṣọ́ọ̀bù géèmù mi

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ẹnì kan ju fídíò kan sórí WhatsApp àwa tí a jọ jáde ilé ìwé. Ọkọ̀ òfurufú ológun ń sá lọ, iná ń lé e, ojú ọ̀run pọ́n bí ẹ̀jẹ̀. Ó ní ogun Ukraine ni. Mo wò ó lẹ́ẹ̀kan, mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, géèmù nìyí o. Arma 3 ni." Inú bí i sí mi. Ṣùgbọ́n Bohemia Interactive tó ṣe géèmù náà gan-an ti jáde síta ní 2022, wọ́n ní àwọn èèyàn ń gbé fídíò géèmù àwọn kiri bíi pé ogun gidi ni, wọ́n sì ṣàlàyé béèyàn ṣe lè dá a mọ̀.

Ni ẹlòmíràn bá bi mí pé ṣé géèmù wá lè jẹ́ pọrọpagáńdà nìyẹn. Mo ní ó lè jẹ́, àmọ́ irú ti fídíò yìí kọ́ ló ń kọ mí lóminú. Irọ́ lásán nìyí, ẹni tó bá lajú á rí i. Èyí tí mo mọ̀ dáadáa, èmi fúnra mi ni mò ń gbowó lọ́wọ́ àwọn ọmọ kí wọ́n tó jẹ ẹ́.

Láti 2011 títí di 2015, ṣọ́ọ̀bù géèmù ni mò ń ṣe ní Apẹ́tẹ́, n'Ìbàdàn. Yàrá kan péré ni. PS2 mẹ́ta, PS3 kan tí mo fi owó àjọ rà, tẹlifíṣọ̀n tòkunbọ̀ mẹ́rin, bẹ́ńṣì onípákó méjì, àti jẹnẹrétọ̀ kékeré kan lẹ́yìn fèrèsé tí ariwo rẹ̀ ju agbára rẹ̀ lọ. Bọ́ọ̀lù kan, ₦50. Ààbọ̀ wákàtí lórí PS3, ₦80. Ẹni kan ló máa di páàdì mú, èèyàn mẹ́wàá á dúró sẹ́yìn rẹ̀ máa kọ́ ọ bó ṣe máa gbá a. Bọ̀ọ̀dá Géèmù ni wọ́n ń pè mí. Àwọn ìyá kan ládùúgbò ní orúkọ mìíràn tí wọ́n fún mi, mi ò ní kọ ọ́ síbí.

Bọ́ọ̀lù ló ń gbé oúnjẹ wá, ṣùgbọ́n Call of Duty, géèmù ogun tó máa ń jáde ní oríṣiríṣi, ló ń gbé èrò wá. Nígbà tí mo rí Black Ops II rà, ọ̀kan lára wọn tó jáde ní oṣù kọkànlá ọdún 2012, ọ̀sẹ̀ méjì gbáko ni àwọn ọmọ Poly fi ń tò lẹ́nu ọ̀nà. Ẹni tó kọ́kọ́ gbá a ni Ṣẹ́gun, ọmọkùnrin gíga kan tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, àfi tí wọ́n bá jẹ ẹ́ ní gólù. Géèmù náà ò tíì lọ jìnnà tí wọ́n fi kọ ọ́ sójú tẹlifíṣọ̀n pé Àǹgólà, 1986. Ariwo sọ: Áfíríkà! Wọ́n gbé wa dé ilé! Ọkùnrin dúdú kan, onírùngbọ̀n, dé fìlà ológun, ó dúró lórí mọ́tò ogun, ó ń pariwo mọ́ àwọn ọmọ ogun rẹ̀ kí wọ́n jà. Àwọn ọmọ náà ń sáré, Ṣẹ́gun náà ń sáré, torí òun ni ará Amẹ́ríkà tó wá bá onírùngbọ̀n jà ní ìhà kan náà. Àwọn tó ń bọ̀ láti ìsàlẹ̀ pápá, wọ́n pọ̀ bí eṣú, ó ń pa wọ́n bí eṣú. Gbogbo ṣọ́ọ̀bù ń kígbe, "Onírùngbọ̀n! Onírùngbọ̀n!"

Bàbá Fẹ́mi, téélọ̀ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, wọlé láti wá gba fóònù rẹ̀ tó fi sí sọ́kẹ́ẹ̀tì mi. Ó ti ṣiṣẹ́ ìjọba títí ó fi fẹ̀yìn tì kó tó gbájú mọ́ ẹ̀rọ ìránṣọ. Ó dúró, ó wo tẹlifíṣọ̀n náà, ó fa awò ojú rẹ̀ wálẹ̀ díẹ̀.

"Ibo nìyẹn?"

"Àǹgólà ni, Bàbá."

"Ta lẹ ń pa?"

Ṣẹ́gun ò bojú wẹ̀yìn. "MPLA ni, sà."

"Hàà! MPLA kẹ̀? Àwọn tí Murtala fún lówó?" Ó wo gbogbo wa yíká bíi pé a jí i lówó. "Ta wá ni onírùngbọ̀n yìí?"

"Savimbi ni orúkọ ẹ̀, Bàbá. Ẹni wa ni."

Bàbá Fẹ́mi yọ fóònù rẹ̀, ó ní, "Ẹni yín," ó sì jáde. A rẹ́rìn-ín. Mo rẹ́rìn-ín, èmi náà. Nígbà tí àkókò Ṣẹ́gun pé, ó fún mi ní ₦100, mo fún un ní ₦20 ṣéńjì. Ojú Murtala ló wà lára owó yẹn. Kò sẹ́ni tó fura.

Ọdún mélòó kan lẹ́yìn náà, tí mo ti ti ṣọ́ọ̀bù, ni mo tó jókòó ka ìtàn Àǹgólà dáadáa. Jonas Savimbi ni olórí UNITA. Nígbà tí àwọn Potogí ń kó ẹrù wọn kúrò ní Àǹgólà ní 1975, ẹgbẹ́ mẹ́ta ló ń du ìjọba níbẹ̀: MPLA wà níhà kan, UNITA àti FNLA wà ní ìkejì. Àwọn ọmọ ogun Kúbà wá gbè sẹ́yìn MPLA. Àwọn tó wọlé láti gúúsù láti gbe Savimbi lẹ́yìn, ọmọ ogun South Africa ni, ìjọba apartheid gan-an gan-an. Owó Amẹ́ríkà náà wà níbẹ̀. Nígbà tí Nàìjíríà rí i pé àwọn ṣọ́jà apartheid ti wọ̀ ọ́, Murtala Muhammed ò dúró wo ojú ẹnikẹ́ni mọ́: ní oṣù kọkànlá ọdún 1975 ìjọba rẹ̀ ní MPLA ni àwọn mọ̀ bí ìjọba Àǹgólà, wọ́n sì fún wọn ní ogún mílíọ̀nù dọ́là. Ní oṣù kìíní ọdún 1976, ó lọ sí Addis Ababa, ó sọ ọ́ lójú gbogbo olórí Áfíríkà, ó sì bá Amẹ́ríkà wí níbẹ̀. Oṣù tó tẹ̀ lé e ni wọ́n pa á l'Ékòó.

Ọdún 1986 tí géèmù yẹn ń sọ wá ńkọ́? Oṣù kìíní ọdún yẹn gan-an ni Ronald Reagan gba Savimbi lálejò ní White House. Ọdún yẹn náà ni Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ sí í fún un ní Stinger, ohun ìjà tó ń já ọkọ̀ òfurufú lulẹ̀. Ogun Àǹgólà ò tán àfi ìgbà tí wọ́n pa á ní oṣù kejì ọdún 2002.

Ẹ̀yin rò ó wò. Ìbàdàn la wà. Àwọn ọmọ tí ìjọba bàbá wọn dá owó fún MPLA ń san ₦80 kí wọ́n lè pa MPLA, èmi sì ń fi ojú Murtala fún wọn ní ṣéńjì.

Mo mọ ohun tí ẹlòmíràn máa sọ: ta ló rán wọn níṣẹ́? Ṣé ìjọba Amẹ́ríkà ló sanwó fún Treyarch tó ṣe géèmù náà, tàbí Activision tó gbé e jáde? Mi ò sọ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ wo ẹni tó wá mú akọni wa nílé rẹ̀ ní Alaska nínú géèmù náà, tó ní kó jẹ́ ká lọ sí Àǹgólà: Oliver North. Orúkọ rẹ̀ gangan ni, ohùn rẹ̀ ni, ojú rẹ̀ ni. North yìí wà lára àwọn òṣìṣẹ́ Reagan ní White House nígbà náà, òun ló wà nídìí ọ̀ràn ohun ìjà tí wọ́n tà fún Iran tí wọ́n sì fi owó rẹ̀ gbe àwọn ọlọ̀tẹ̀ ní Nicaragua lẹ́yìn. Wọ́n tún fi ṣe olùdámọ̀ràn lórí géèmù yẹn. Tí o bá ń kọ ìtàn ogun, tó o wá lọ bẹ ẹnì kan nínú àwọn tó jà á pé kó wá máa tọ́ ẹ sọ́nà, o ò nílò kí ẹnikẹ́ni rán ẹ níṣẹ́ mọ́.

Àwọn ọmọ Savimbi fúnra wọn ò fẹ́ràn géèmù yẹn. Mẹ́ta nínú wọn tó ń gbé ní Faransé pe Activision lẹ́jọ́ ní 2016, mílíọ̀nù kan yúrò ni wọ́n ń bèèrè, wọ́n ní wọ́n sọ bàbá àwọn di ẹhànnà tó kàn ń pariwo kiri. Lọ́yà ilé iṣẹ́ náà dáhùn pé èèyàn rere ló jẹ́ nínú géèmù, ẹni tó wá ran akọni lọ́wọ́. Ilé ẹjọ́ ò gbà fún àwọn ọmọ. Ṣùgbọ́n èsì lọ́yà yẹn gan-an ló pa mí lẹ́rìn-ín. Òótọ́ ló sọ, ibi tó ti ń dùn mí sì nìyẹn.

Géèmù ò sọ fún Ṣẹ́gun pé Savimbi dára. Kò sọ fún un pé MPLA burú. Tó bá jẹ́ pé fíìmù tàbí rédíò ló sọ ọ́, Ṣẹ́gun á jiyàn, ọmọ Poly ni. Géèmù kàn gbé e dúró síbì kan, ó fi ìbọn lé e lọ́wọ́, àwọn kan ń bọ̀ wá pa á. Kí ló fẹ́ ṣe? Ó yìnbọn. Ẹni tó bá dúró tì ẹ́ nígbà tí wọ́n ń yìnbọn sí ẹ, ó ti di ẹni rẹ, o ò tíì bèèrè orúkọ bàbá rẹ̀.

Àwọn kan wà tí kò fi tiwọn bò rárá. Ní ọjọ́ 4 oṣù keje ọdún 2002, ọjọ́ òmìnira Amẹ́ríkà, iléeṣẹ́ ológun orí ilẹ̀ wọn gbé America's Army jáde. Ọ̀fẹ́ ni. Ilé ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ ogun ojú omi ní Monterey, ní California, ni wọ́n ti ṣe é. Wọ́n fẹ́ kí àwọn ọ̀dọ́ wá gbaṣẹ́ ṣọ́jà, wọn ò sì fi pamọ́. Kó o tó dójú ogun, o máa gba ìdánilẹ́kọ̀ọ́. Tó o bá fẹ́ máa tọ́jú àwọn tó fara gbọgbẹ́, wàá jókòó gbọ́ lẹ́kíṣọ̀, wàá ṣe ìdánwò. Tó o bá yìnbọn fún ọ̀gá tó ń kọ́ ẹ, inú ẹ̀wọ̀n lo máa bá ara rẹ.

Ohun tó jọ mí lójú jù níbẹ̀ kì í ṣe ìyẹn. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ jọ ń gbá a lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ máa pín sí ọ̀nà méjì, ẹ máa bá ara yín jà. Èmi wo ojú kọ̀ǹpútà mi: ṣọ́jà Amẹ́ríkà ni mí, ìbọn Amẹ́ríkà ló wà lọ́wọ́ mi, ìwọ ni ọ̀tá tó gbé AK-47. Ìwọ náà wo ojú tìrẹ: ìwọ ni ṣọ́jà Amẹ́ríkà, èmi ni ọ̀tá. Ogun kan náà, ìṣẹ́jú kan náà! Ogún ọdún ni wọ́n fi ṣe é kí wọ́n tó tì í pa ní 2022, kò sí ọmọ kan tó ṣe ọ̀tá rí lójú ara rẹ̀.

Nígbà tí a wà ní kékeré, a máa ń ṣe ọlọ́pàá àti olè lẹ́yìn ilé. Ìjà kì í tán lórí ẹni tó máa ṣe olè. Ṣùgbọ́n ó máa kàn ẹ́ lọ́jọ́ kan, wàá sá, wọ́n á lé ẹ, wàá fara pamọ́ sẹ́yìn àmù, àyà rẹ á máa já, ọ̀rọ̀ olè á sì yé ẹ díẹ̀. Àwọn ológun Amẹ́ríkà yẹn rí ọ̀nà tí kò fi ní kan ẹnikẹ́ni láti ṣe olè.

Modern Warfare ti 2019, Call of Duty mìíràn, náà tún wà, níbi tí wọ́n ti ń sọ̀rọ̀ Òpópónà Ikú, wọ́n ní àwọn ará Rọ́ṣíà ló ju bọ́ǹbù síbẹ̀. Wọ́n fi orúkọ orílẹ̀-èdè tí kò sí láyé bò ó. Òpópónà tí ayé ń pè bẹ́ẹ̀ wà ní Kuwait. Ọkọ̀ òfurufú Amẹ́ríkà àti àwọn tó tì í lẹ́yìn ló ju bọ́ǹbù sórí àwọn ọmọ ogun Iráàkì tó ń sá padà lọ ilé ní oṣù kejì ọdún 1991. Àwọn ará Rọ́ṣíà rí i, wọ́n bínú gidi. Lórí èyí, mo gbè sẹ́yìn wọn.

Ẹ má rò pé gbogbo rẹ̀ la máa ń gbé mì. Ní ọdún tó kẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù mi, Advanced Warfare, Call of Duty mìíràn, dé, ó sì gbé wa lọ sí Èkó ọdún 2055. Àwọn ọmọ ogun aládàáni kan láti Amẹ́ríkà wá gba Prime Minister Nàìjíríà lọ́wọ́ àwọn apániláyà. Prime Minister! Láti ìgbà tí wọ́n ti pa Balewa ní 1966 la ò ti ní Prime Minister. Ọ̀gbẹ́ni náà ń jẹ́ Abidoyo. Wákàtí kan la fi jiyàn lórí orúkọ yẹn nìkan, bóyá Abídoyè ni wọ́n fẹ́ kọ ni àbí ọmọ ìlú ibòmíràn. Akọni ń fò láti orí bọ́ọ̀sì kan sí òmíràn nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ, ẹnì kan lẹ́yìn kígbe pé kó ṣọ́ra, kọ̀ńdọ́ ò tíì gbowó lọ́wọ́ ẹ̀. Bó o bá gbá géèmù yẹn tán, wàá rí i pé àwọn aládàáni yẹn gan-an ni ìkà. Àmọ́ àwa ò dúró dé ibẹ̀ ká tó ta á nù. A mọ Èkó, ẹ̀rín la fi pa á.

Àǹgólà la ò mọ̀.

Ní oṣù mẹ́ta sẹ́yìn, mo pe ẹni tó máa bá mi fi sólà sórí òrùlé. Ẹni tó wá, Ṣẹ́gun ni. Ó ti sanra, ó ti bí ọmọ méjì, ó sì kọ̀ kò gba owó iṣẹ́ tán lọ́wọ́ mi. Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ tó ń de wáyà mọ́ bátìrì, mo bi í pé ṣé ó rántí Savimbi.

Ó gbé orí sókè, ojú rẹ̀ tàn. "Onírùngbọ̀n! Lórí mọ́tò yẹn! Bọ̀ọ̀dá, ẹni wa nìyẹn ná."

"MPLA wá ńkọ́?"

Ó ronú díẹ̀, ó nawọ́ gba súkúdiráfà lọ́wọ́ mi.

"Àwọn wo nìyẹn?"