Ọbẹ̀ Ẹran Àwọn Ará Nọ́wè: Ẹ Má Jẹ́ Kí Ẹnikẹ́ni Fọwọ́ Kan Iná Yín

Inú ṣì ń bí mi bí mo ṣe ń kọ èyí. Bí ọ̀rọ̀ mi bá le díẹ̀, ẹ forí jì mí. Ẹ̀yin ìyàwó ilé tí ẹ ń dáná nílùú òtútù, tí ará ọkọ sì máa ń wá kí yín lọ́lidé, ẹ̀yin lọ̀rọ̀ yìí máa yé jù. Bí ẹ bá gbé kjøttsuppe kaná, ìyẹn ọbẹ̀ ẹran màlúù tí àwọn ará Nọ́wè ń sè nígbà òtútù, ẹ jókòó tì í. Bí ẹ bá fẹ́ kúrò níbẹ̀, ẹ ti ilẹ̀kùn ilé ìdáná.

Màmá tó ń gbé òkè ilé wa ní Bergen níbí ló kọ́ mi. Orúkọ ni gbogbo ayé ń pe ara wọn ní Nọ́wè, àgbà àti ọmọdé, ṣùgbọ́n ẹnu mi ò gbà á, Màmá ni mò ń pè wọ́n. Ọjọ́ Àìkú tó kọjá ni mo pè wọ́n pé kí wọ́n wá jẹ èyí tí mo sè fúnra mi. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi obìnrin ti dé láti Lọ́ńdọ̀nù lọ́jọ́ méjì ṣáájú. Ẹ ti mọ ibi tí ọ̀rọ̀ ń lọ.

Mo ra høyrygg, ẹran ẹ̀yìn ọrùn màlúù, mo fi igẹ̀ tó lọ́ràá tó sì ní egungun kún un. Kílò 1.5 ẹran sí omi lítà 3. Omi tútù ni o, kí ẹran lè máa tú adùn rẹ̀ sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Nígbà tó kù díẹ̀ kó hó, ìfóòfó aláwọ̀ eérú gòkè, mo fi ṣíbí kó o dànù títí ojú omi fi mọ́. Mo wá fi iyọ̀, ata dúdú oníhóró àti ewé béélíìfù sí i, mo yí iná wálẹ̀ sí 2. Nọ́ńbà iná sítóòfù wa dé 9. Lórí 2 yẹn, èhó kan á yọ lẹ́bàá ìkòkò, á bẹ́, ó máa tó ìgbà díẹ̀ kí òmíràn tó yọ. Bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn fún wákàtí méjì ó kéré tán. Ọkàn mi balẹ̀, mo lọ wẹ ọmọ.

Mo ń fi òróró pa á lára lọ́wọ́ ni mo gbọ́ ọmọrí ìkòkò: gbàgà-gbàgà-gbàgà. Ẹ̀yin tí ẹ ti sè é rí mọ̀ pé ìkòkò kjøttsuppe kì í sọ̀rọ̀. Mo gbé ọmọ kọ́ èjìká bó ṣe wà, mo sáré dé ilé ìdáná. Àǹtí dúró ti sítóòfù pẹ̀lú ṣíbí lọ́wọ́. Iná ti wà lórí 9. Omi ti yí dà sórí sítóòfù, ó ń jó níbẹ̀, ó ń rùn. Mo ṣí ọmọrí. Omi tó mọ́ débi pé mo ń rí ìsàlẹ̀ ìkòkò nínú rẹ̀ ti funfun bí omi tí wọ́n fi ṣan ìrẹsì. Ata gígún pupa léfòó lórí ọ̀rá. Bébà mágì mẹ́ta wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ síǹkì, wọ́n ti tú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Mo gún ẹran wò, ó ti sún kì, ó le, fọ́ọ̀kì ò wọlé.

Wọ́n ní, "Ìyàwó wa, mo bá ẹ gbé iná ròkè. Láti àárọ̀ lo ti gbé ẹran kaná tí kò hó, ṣé ọdún tó ń bọ̀ la máa jẹun ni? Mo tún fi nǹkan díẹ̀ sí i, ọbẹ̀ ẹ ò lójú rárá."

Kí lẹ fẹ́ kí n sọ? Ẹ̀gbọ́n ọkọ ni wọ́n. Mo ní, "Ẹ ṣeun, mà." Mo kọjú sí fèrèsé, mò ń wo òjò Bergen, omi lójú mi, omi níta. Ọkọ mi yọjú, ó wo ìkòkò, ó wo ojú mi, ó ní òun fẹ́ lọ da ìdọ̀tí nù. Ìdọ̀tí tí kò tíì kún!

Kí ẹnikẹ́ni má wá sọ pé mò ń fi ará ọkọ mi ṣẹ̀sín o. Bí wọ́n ṣe ń bọ ẹran nílé tiwa náà ni wọ́n ṣe bọ̀ ọ́: iná ńlá, iyọ̀, àlùbọ́sà, mágì. Kò sì sóhun tó burú níbẹ̀, torí ata lílọ̀ àti epo máa bo omi ẹran mọ́lẹ̀, kò sẹ́ni tó máa bèèrè bóyá ó mọ́. Ṣùgbọ́n nínú kjøttsuppe, omi ẹran yẹn gan-an lọbẹ̀. Kò sí ibi tó máa sá sí. Bó bá hó yaya, ìfóòfó àti ọ̀rá máa fọ́ wẹ́wẹ́ sínú rẹ̀, kò ní í mọ́ mọ́. Ẹran alágídí bí høyrygg kì í sì í rọ̀ tìtorí iná ńlá. Iná ńlá á fún omi ara rẹ̀ jáde, á gan. Iṣan funfun tó wà láàárín ẹran, iná jẹ́jẹ́ àti àkókò ló ń yọ́ ọ, òun ló sì ń mú kí ọbẹ̀ náà nípọn létè.

Mo tún un ṣe. Mo yọ ẹran, mo fi aṣọ funfun sẹ́ omi rẹ̀, mo da díẹ̀ nù, mo fi omi lé e, mo dá a padà sórí 2. A fi wákàtí kan sún oúnjẹ síwájú. Màmá jẹun, wọ́n sì tún bù sí i. Ó tán.

Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́? Iná. Ẹ fẹnu sọ ọ́ fún gbogbo ará ilé kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀: "Ọbẹ̀ yìí kì í hó, ẹ má ràn án lọ́wọ́." Bí sítóòfù yín bá jẹ́ oníná mànàmáná àtijọ́, èyí tó ní irin dúdú pẹrẹsẹ, ẹ mọ̀ pé bí ẹ bá yí i wálẹ̀, irin yẹn ò ní í tètè gbọ́. Ẹ gbé ìkòkò kúrò lórí rẹ̀ títí yóò fi tutù díẹ̀.

Ìgbà tí ẹran bá ń rọ̀ ni ẹ̀fọ́ ń wọlé, ó máa ń ku bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Kålrot ló kọ́kọ́ ń wọ̀ ọ́, gbòǹgbò ńlá tí inú rẹ̀ pupa rẹ́súrẹ́sú, tí wọ́n ń pè ní ọsàn ilẹ̀ Àríwá nítorí fítámì C tó wà nínú rẹ̀. Ẹ gé e kéékèèké pẹ̀lú kárọ́ọ̀tì. Kábéèjì lè tẹ̀ lé e. Lííkì, àlùbọ́sà elewé gígùn yẹn, ìgbà tí ẹ bá fẹ́ sọ ọ́ kalẹ̀ ni. Ànàmọ́ òyìnbó, ẹ sè é lọ́tọ̀, torí òun náà máa ń ba ojú omi jẹ́. Bí ẹ bá sì fẹ́ fi ọkà bálì sí i kó lè yó ènìyàn, ìkòkò tirẹ̀ lọ́tọ̀.

Àwọn àgbà wọn máa ń jẹ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì: ọbẹ̀ àti ẹ̀fọ́ kọ́kọ́, pẹ̀lú flatbrød, búrẹ́dì gbígbẹ tó fẹ́lẹ́ bíi bébà, lẹ́yìn náà ẹran pẹ̀lú ànàmọ́ àti ọbẹ̀ àlùbọ́sà. Ẹ má fo ọbẹ̀ àlùbọ́sà yẹn. Ẹ yọ́ bọ́tà, ẹ ro fláwà pọ̀ mọ́ ọn láìjẹ́ kó pọ́n, ẹ máa da omi ẹran sí i díẹ̀díẹ̀, kí ẹ wá da àlùbọ́sà tó ti rọ̀ sí i. Fínígà díẹ̀, ṣúgà díẹ̀, ẹ máa tọ́ ọ wò títí kíkan àti dídùn rẹ̀ yóò fi dọ́gba. Òun ló gbà mí lọ́jọ́ náà, ó bo ata mọ́lẹ̀.

Ata ńkọ́? Mo mọ̀ pé ẹ máa bi mí. Ẹ gbé ata sórí tábìlì, kí ẹni tó bá fẹ́ bu tirẹ̀ sínú àwo tirẹ̀. Mo máa ń bù ú, mi ò tíì di ará Nọ́wè tó bẹ́ẹ̀.

Èyí tó bá ṣẹ́kù, ẹ jẹ́ kó sùn sínú fíríìjì. Lọ́jọ́ kejì ọ̀rá ti dì sójú rẹ̀, ẹ lè fi ṣíbí kó o kúrò, ọbẹ̀ náà á sì dùn ju ti àná lọ. Bí ẹ bá fẹ́ gbé e sí fírísà, ẹ má fi ànàmọ́ sí i, á máa fọ́ wẹ́wẹ́. Tí ẹ bá sì fẹ́ gbé e gbóná, ẹ jọ̀ọ́, orí 2.