Mo ní kí wọ́n pe Victoria wá: ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ lẹ́yìn iná

Ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni káńsù ìlú wa dìbò, 4 sí 3, pé àwọn máa gbé ọ̀rọ̀ ayálégbé tí iná igbó lé kúrò nílé lọ síwájú ìjọba próvíǹsì. Inú mi dùn. Àmọ́ ojú ṣì ń tì mí, torí bí mo ṣe bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ náà kò yẹ àgbàlagbà. Mo ní kí n tètè kọ ọ́ sílẹ̀ nígbà tó ṣì ń ta mí lára, fún ẹ̀yin tí ẹ ń gbé bésímẹ́ǹtì ilé onílé ní British Columbia, próvíǹsì wa ní Kánádà níbí, bíi tèmi.

Gbogbo wa la mọ bí oṣù Kẹjọ ọdún 2023 ṣe rí. Kò sẹ́ni tó wà ní àfonífojì Okanagan tí kò rí i tí ọ̀run pupa bí epo. Lọ́jọ́ 18 oṣù náà ni próvíǹsì kéde pàjáwìrì, lọ́jọ́ kejì wọ́n ní kí àwọn tó wá gbafẹ́ má gba yàrá òtẹ́ẹ̀lì mọ́, kí àwọn panápaná àti àwọn tí iná lé lè ríbi sùn. Èèyàn bíi 35,000 ni wọ́n pàṣẹ fún pé kí wọ́n kúrò nílé. Èmi àti ọmọ mi, ọmọ ọdún 7, wà nínú wọn. Báàgì kan la gbé, àwọn ìwé wa, aṣọ iṣẹ́ mi, àti ìkòkò ẹ̀fọ́ rírò tí mo tẹ̀ mọ́ ẹsẹ̀ ọmọ nínú mọ́tò, torí mi ò lè fi irú ẹran tí mo rà yẹn sílẹ̀ fún iná.

Ilé ò jó. Ibẹ̀ gan-an ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀. Ilé ọmọ onílé mi ló jó, lókè lọ́hùn-ún. Kí oṣù Kẹsàn-án tó parí, onílé ti fún mi ní kúìtì nótíìsì: ọmọ òun fẹ́ wọlé. Òfin sì fún un láyè nígbà náà, nótíìsì oṣù 2, pẹ̀lú owó ilé oṣù 1 fún gbà-máà-bínú. Kò rú òfin kankan. Mi ò ní pè é ní èèyàn burúkú, torí èmi náà á gba ọmọ mi sílé bí tiẹ̀ bá jó. Ṣùgbọ́n ẹ lọ wá ilé wò nílùú tí iná ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹ ilé rẹ̀, tí gbogbo ẹni tí tiẹ̀ jó náà ń wá. Owó tí mo fi ń gba yàrá méjì kò gba yàrá kan mọ́. Nígbà tó fi máa di ọdún tuntun, orí àga gígùn nínú pálọ̀ arábìnrin kan ní ṣọ́ọ̀ṣì la ti ń sùn. Ìyá kan fẹ́ tù mí nínú, ó ní ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i. Mo ní mà, ilé ọba ni wọ́n pa á fún, wọn ò pa á fún ayálégbé.

Bí mo ṣe gba ìpàdé káńsù lọ nìyẹn, lóṣù Kìíní.

Aráàlú ní ìṣẹ́jú 5 níwájú máìkì. Àpótí kékeré kan wà níwájú yín tó ní iná mẹ́ta: ewéko, yẹ́lò, pupa. Mo ti ṣíìfù òru dé, mi ò tíì fojú ba oorun. Mi ò kọ nǹkan kan sílẹ̀. Mo bẹ̀rẹ̀ láti orí ìkòkò ẹ̀fọ́, mi ò sì kúrò lórí ìkòkò ẹ̀fọ́ títí ìṣẹ́jú 3 fi lọ. Iná di yẹ́lò. Mo rí i pé mi ò tíì sọ nǹkan tí mo bá wá, ẹkún bá gbọ̀nà. Mo ní wọn ò láàánú. Mo ní wọ́n jókòó síbẹ̀ bí ẹni ń wo sinimá. Mo nàka sí méyọ̀, èmi tí ìyá mi kọ́ pé a kì í nàka sí àgbà.

Méyọ̀ ò bínú. Ìyẹn ló tún wá burú. Ó dúró kí n mí, ó wá ní: “Mà, àwa kọ́ la ṣòfin ilé yíyá. Victoria nìkan ló lè yí i padà.”

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má rẹ́rìn-ín. Mo mọ̀ pé Victoria ni olú-ìlú próvíǹsì wa, níbi tí ìjọba rẹ̀ wà. Mo ti wọkọ̀ ojú omi lọ síbẹ̀ rí. Àmọ́ Victoria náà lorúkọ ìyá arúgbó tí mo wẹ̀ fún láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, orí mi ò sì pé. Èèyàn ni mo gbọ́. Mo fi gbogbo ẹnu pariwo: “Ẹ pè é wá! Kó wá síbí kó wò mí lójú!”

Gbogbo gbọ̀ngàn pa lọ́lọ́. Ẹnì kan lẹ́yìn kọ́kọ́ wúkọ́, àṣé ẹ̀rín ló ń pa mọ́ra. Ni iná bá di pupa. Òṣìṣẹ́ tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ní a dúpẹ́. Ọ̀rọ̀ tó kàn lórí ìwé wọn ni ibi tí mọ́tò yóò máa dúró sí níwájú ilé ìkàwé, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ́ bí ẹni pé mi ò dé ibẹ̀ rí. Bí mo ṣe ń padà sí àga mi, ọmọ mi fa aṣọ mi: “Mọ́mì, ta ni Victoria?”

Kò sí ẹni tó nà mí, kò sí ẹni tó bú mi. Mo kàn mọ̀ pé mo ti bá ẹni tí kò lágbára jà, níwájú ọmọ mi, tí ẹni tó lágbára ò tiẹ̀ mọ̀ pé ìjà kan wà.

Kánsẹ́lọ̀ kan, obìnrin àgbà, ló tẹ̀ lé mi dé ibi mọ́tò. Ó ní àwọn náà ń bẹ̀bẹ̀ ni. Ó ní agbára tí próvíǹsì bá fún káńsù nìkan ni káńsù ní. Ẹ rántí bí káńsù ṣe máa ń wojú gómìnà nílé, ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n. Ó ní lóṣù Kọkànlá ọdún 2023 yẹn, próvíǹsì ṣòfin pé kí àwọn ìlú gba kí èèyàn kọ́ tó ilé 4 sórí ilẹ̀ tí wọ́n ti ń kọ́ ilé kan tẹ́lẹ̀. Àwọn káńsù kan ń bèèrè pé ládùúgbò tó fẹ̀yìn ti igbó, tí ọ̀nà kan ṣoṣo jáde níbẹ̀, báwo ni gbogbo wa ṣe máa sá lálẹ́ ọjọ́ iná? Àwọn tí mo pè ní aláìláàánú nìyẹn o.

Ọ̀nà tí wọ́n ń gbà bẹ̀bẹ̀ náà ló fi hàn mí. Ẹgbẹ́ gbogbo káńsù British Columbia wà tí wọ́n ń pè ní UBCM, láti ọdún 1905. Káńsù yín á kọ àbá, á kọ́kọ́ lọ sí ẹgbẹ́ agbègbè, SILGA ni tiwa, nígbà ìrúwé. Tó bá di oṣù Kẹsàn-án, ó di ìpàdé ńlá, Vancouver ni ti ọdún 2024. Bí wọ́n bá dìbò fún un, ó dọ̀dọ̀ ìjọba, ìjọba á sì fèsì. Wọn kì í kọ ìkòkò ẹ̀fọ́ sínú àbá. “Níwọ̀n bí báyìí báyìí ti rí, nítorí náà a pinnu pé kí próvíǹsì ṣe báyìí.” Kò ju abala ìwé kan lọ.

Mo kọ ọ́, ó tún un kọ, ó gbé e wọlé, wọ́n dìbò. Àbá wa ni pé fún oṣù 6 lẹ́yìn iná, kí onílé má lè lé ayálégbé nítorí àtifi mọ̀lẹ́bí rẹ̀ sílé, àfi bí próvíǹsì bá wá ibùgbé fún ayálégbé náà. Àwọn 3 tó kọ̀ ní ó máa dẹ́rù ba onílé. Ó ṣeé ṣe kó rí bẹ́ẹ̀. Èmi àti ọmọ mi ti rílé, ìtàn ìyẹn ò gùn.

Ẹ̀kọ́ mi wá nìyí. Ẹ kọ́kọ́ wádìí ẹni tó ni agbára kí ẹ tó lanu. Èkejì, ẹ kọ ọ̀rọ̀ yín sílẹ̀, kí ohun tí ẹ fẹ́ wà ní gbólóhùn àkọ́kọ́. Ẹ̀kẹta, ẹ ra ìnṣọ́ránsì ayálégbé. Ẹ má bi mí bóyá mo ní i, wọ́n ti bi mí tó. Ẹ̀kẹrin ni pé kí ẹ wádìí ẹni tó ni agbára. Mo mọ̀ pé mo ti sọ ọ́. Ẹni tó bá ní mo ń tún un sọ jù, kó lọ pariwo mọ́ méyọ̀ kó wò ó.

Kánsẹ́lọ̀ náà ti ní kí n fún òun ní ẹ̀dà nótíìsì yẹn, kí òun lè mú un dání, kí n fi yíǹkì pa orúkọ onílé rẹ́. Máákà ọmọ mi ni mo fi ń pa á láti àná. Mo ti kùn ún lẹ́ẹ̀mẹta, bí mo bá gbé e síwájú iná, orúkọ náà ṣì ń hàn.