Ẹ̀ńjìnì 85: ó ti ní ẹsẹ̀, kò tíì mọ̀ ọ́n rìn

Sátidé

Mo ń fọwọ́ ṣe ẹ̀ńjìnì rélùwéè kékeré kan, àwòkọ ti gidi. Lónìí mo gé páìpù PVC tí yóò di bọ́ílà rẹ̀, ìyẹn àgbá tí omi ti máa ń hó. Alẹ́ mẹ́ta ni mo fi ṣírò kí n tó gbé ayùn lé e.

Ẹ̀ńjìnì tí mò ń ṣe àwòkọ rẹ̀ ni nọ́ńbà 85 ti rélùwéè Sierra Leone, ìlú tí àwọn bàbá wa ń pè ní Sàró. Iléeṣẹ́ Hunslet ló kọ́ ọ ní 1954, ní Leeds tí mò ń gbé yìí gan-an. Láti 1898 ni wọ́n ti ń kọ́ irú rẹ̀ fún Sàró, nítorí náà ẹ̀ńjìnì yìí ti dàgbà kí wọ́n tó bí i.

Ojú irin Sàró kò fẹ̀. Ìnṣì 30 ló wà láàárín irin kan sí èkejì. Ti Èkó, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í là lọ́dún kan náà, 1896, ìnṣì 42 ni. Mo pín gbogbo ìwọ̀n sí ọ̀nà 20, ìnṣì 30 wá di mílímítà 38. Ibẹ̀ ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀: mo rí irin mílímítà 32 rà, mo rí 45, n kò rí 38. Àbúrò mi ní kí n fi 32 ṣe é, ta ló fẹ́ gbé rúlà wá? Mo ní rárá. Mo ra 45, mo tú irin náà kúrò lórí pákó rẹ̀, mo sì ń tò ó sórí pákó tí mo fọwọ́ ara mi gé.

Mo mọ̀ pé agídí ni. Ṣùgbọ́n ìwọ̀n yẹn ló gba ẹ̀ńjìnì náà là. Nígbà tí rélùwéè Sàró kógbá sílé ní 1974, àwọn olùfẹ́ rélùwéè kan wà ní Wales tí wọ́n ń wá ẹ̀ńjìnì lójú méjèèjì. Ojú irin wọn, láti Welshpool dé Llanfair Caereinion, ti kú ní 1956, wọ́n sì jí i dìde ní 1963. Ọ̀pọ̀ rélùwéè kékeré tó kù ní Wales kò ju nǹkan bí ìnṣì 24 lọ, tiwọn jẹ́ 30, kò sí aládùúgbò tó lè yá wọn ní ẹ̀ńjìnì. Wọ́n wá a dé Austria. Wọ́n wá a dé oko ìrèké Antigua, níbi tí wọ́n ti rí èyí tó ń jẹ́ Joan. Ní 1975, 85 dé láti Sàró pẹ̀lú kọ́ọ̀ṣì mẹ́rin. Ká ní ìnṣì 42 ni, wọn ì bá ti gé e tà fún àwọn tó ń yọ́ irin.

Ọjọ́bọ̀

Ẹsẹ̀ ti wọlé. Mẹ́wàá ni: kékeré méjì níwájú, ńlá mẹ́fà láàárín, kékeré méjì lẹ́yìn. Àwọn kékeré yìí ló máa ń yí ọrùn ṣáájú ní kọ́nà kí àwọn ńlá tó tẹ̀ lé wọn. Tèmi ò fẹ́ yí ọrùn. Wọ́n fúyẹ́ jù, kọ́nà àkọ́kọ́ ni wọ́n ti fò kúrò lórí irin.

Fèrèsé ilé awakọ̀ ti bàjẹ́ pátápátá. Super glue ni mo fi lẹ ike rẹ̀, mo sì pa ilẹ̀kùn yàrá dé nítorí òtútù. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, èéfín gúlúù náà ti sọ gbogbo rẹ̀ di funfun bí ojú tí ikùukùu bò. Mo ń gé òmíràn, gúlúù funfun lásán ni n óò sì lò.

Sátidé kejì

Ìpinnu tí mo ti ń sá fún: ayé rẹ̀ wo ni n óò kùn sí i lára? Ti Wales rọrùn, fọ́tò rẹ̀ pọ̀, ó mọ́ tónítóní. N kò bá àwọn ará Wales jà. Bí wọn kò bá gbé e lọ, mi ò mọ̀ bóyá n bá rí nǹkan kan wò. Síbẹ̀, Sàró ló wù mí. Lára àwọn ẹ̀ńjìnì tó kù nílé ṣì wà ní Cline Town, ní Freetown. Nígbà ogun abẹ́lé Sàró, àwọn tí ogun lé kúrò nílé ń gbé láàárín wọn nínú ṣọ́ọ̀bù náà. Steve Davies, ọ̀gá ṣọ́jà ará Britain kan, rí wọn ní 2004, ní 2005 wọ́n sì di mùsíọ́ọ̀mù.

Ní Cline Town yìí kan náà ni ilé olókùúta àtijọ́ ti Fourah Bay College wà. Àjàyí Crowther wà lára akẹ́kọ̀ọ́ àkọ́kọ́ kọ́lẹ́ẹ̀jì náà ní 1827, kí wọ́n tó kọ́ ilé yìí. Lẹ́yìn tí kọ́lẹ́ẹ̀jì kó jáde, rélùwéè fi ilé náà ṣe oríkò iṣẹ́ wọn. Mo ti rí ohun tí n óò fi ṣe ẹ̀yìn àwòrán mi nìyẹn! Páálí ni n óò fi mọ ọ́n.

Ọjọ́ Àìkú

Mo lẹ kọ́ìnì pẹ́nì kan mọ́ ọ̀pá tó so ẹsẹ̀ kékeré méjì iwájú pọ̀, kí wọ́n lè wúwo díẹ̀. Ó yí kọ́nà láìfò, ẹ̀ẹ̀mẹ́fà tẹ̀léra. Ìyàwó mi pàtẹ́wọ́, ó sì ní kí n kó pákó kúrò lórí tábìlì oúnjẹ.

Ti ẹ̀yìn ṣì ń já. Ó di Ọjọ́rú kí n tó lẹ kọ́ìnì tirẹ̀.