Kì í ṣe páànù ló ń jò, gọ́tà ni

Ẹ jẹ́ n tètè sọ ọ́ kí òjò tó bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀ dáadáa, torí tó bá ti di oṣù kẹfà, kò sí káfíńtà tó máa gbé ìpè yín mọ́, gbogbo wọn á ti wà lórí òrùlé ẹlòmíì. Gọ́tà tí mò ń sọ kì í ṣe ti ojú títì o, ti orí ilé ni, èyí tó wà lẹ́yìn ògiri tí wọ́n mọ yí òrùlé ká tí èèyàn kì í fi í rí páànù láti ìsàlẹ̀. Párápẹ́ẹ̀tì ni gbogbo wa ń pe ògiri yẹn. Ẹ rìn láti Akóbọ̀ dé Olúyọ̀lé n'Ìbàdàn níbí, àbí kẹ́ ẹ lọ sí Lẹ́kí l'Ékòó, òun ló wà lóde báyìí. Ó rẹwà, mi ò ní parọ́. Àmọ́ ọ̀pọ̀ àwọn tó kọ́ ọ ò tíì gun òkè lọ wo ohun tó wà lẹ́yìn ògiri yẹn látọjọ́ tí wọ́n ti kó wọlé.

Àwọn ilé àtijọ́ ò ní wàhálà yìí. Páànù yọ síta kọjá ògiri, òjò rọ̀, omi já sílẹ̀, ó gbẹ́ ẹ̀bá ilé díẹ̀, ó tán. Àwọn màmá wa á ní kí wọ́n ká páànù kan, kí wọ́n so ó mọ́ etí òrùlé, kí wọ́n darí ẹnu ẹ̀ sínú dúrọ́ọ̀mù, omi tí a fi ń fọṣọ nìyẹn. Tí ewé bá dí i, omi á gba ẹ̀gbẹ́ ya dà sílẹ̀, kò bá ẹnikẹ́ni jà.

Ti párápẹ́ẹ̀tì yàtọ̀ pátápátá. Etí páànù ti wọnú gọ́tà kọnkéré, ògiri apá ìta ga fíofío, apá inú níbi tí páànù ti ń bọ̀ ló kúrú. Tí ihò tí omi ń gbà lọ sínú páìpù bá wá dí, omi á máa kún, á máa gòkè bọ̀, kò lè fo ògiri ìta láéláé, apá inú tó kúrú ló máa kọ́kọ́ gbà, á gba abẹ́ páànù wọlé, á rin igi òrùlé, á dé orí POP tí wọ́n fi ṣe àjà yàrá, ibi tó bá wù ú ló máa ti já lù yín lórí bẹ́ẹ̀dì. Páànù lè wà níbẹ̀ gbọn-in gbọn-in kí ihò kankan má sí lára ẹ̀, ilé á ṣì máa jò. Ìyẹn ni ọ̀pọ̀ èèyàn ò mọ̀, tí wọ́n fi ń náwó síbi tí kò yẹ.

Alájì kan wà ládùúgbò wa tí ọ̀rọ̀ ẹ̀ ṣẹlẹ̀ bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́. Páànù longspan tó wà lórí ilé wọn ò tíì pẹ́ rárá. Pálọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í jò, wọ́n pe káfíńtà, káfíńtà ní "Alájì, páànù yín ti gbó, ẹ jẹ́ ká pààrọ̀ apá ibí yìí." Wọ́n pààrọ̀ ẹ̀. Òjò rọ̀, ó tún jò. Wọ́n pe ẹlòmíì, ìyẹn ní ràbà ìdí ìṣó ló ti jẹ, ó fi sílíkọ́ọ̀nù kun gbogbo orí ìṣó, ó gbowó, ó lọ. POP pálọ̀ bá já lulẹ̀ lóru ọjọ́ kan pẹ̀lú fáànù. Ọmọkùnrin plọ́ńbà kan tó wá tún táǹkì omi ṣe ló kàn ṣèèṣì bojú wo ẹ̀yìn ògiri yẹn, ló bá ké sí wọn látòkè pé "Bàbá, ẹ gòkè wá o, ẹja lè gbé nínú gọ́tà yín yìí!" Alájì ní àwọn ò gun òkè kankan, kó ya fọ́tò ẹ̀ wá. Mo rí fọ́tò yẹn fúnra mi. Omi kún dẹ́nu, ewé fúrúùtù ló bò ó lójú, bàtà sílípáàsì ọmọdé kan léfòó sórí ẹ̀, wáyà díìṣì tí wọ́n gé kù sì ká jọ sẹ́nu ihò páìpù. Wọ́n kó ìdọ̀tí yẹn kúrò, omi ṣàn lọ, ìjò yẹn dáwọ́ dúró. Àwọn káfíńtà méjèèjì tó ti gòkè ṣáájú, ṣé wọn ò rí i ni? Wọ́n rí i. Ta ló máa sanwó páànù fún ẹni tó kó ewé?

Ẹ jẹ́ ká ṣírò ẹ̀ díẹ̀, kẹ́ ẹ lè rí i pé omi yẹn kì í ṣe omi kékeré. Tí òjò mìlímítà kan bá rọ̀ sórí ibi tó fẹ̀ tó mítà kan níbùú, mítà kan lóròó, lítà omi kan nìyẹn. Ẹ wá mú òrùlé tó fẹ̀ tó mítà onígun mẹ́rin 150, kí òjò mìlímítà 40 rọ̀ sí i lọ́sàn-án ọjọ́ kan, tí òjò oṣù kẹfà sì máa ń ju bẹ́ẹ̀ lọ nígbà míì, lítà 6,000 ló dé yẹn, táǹkì onílítà 1,000 mẹ́fà. Gbogbo ẹ̀ ló sì fẹ́ gba ihò méjì tàbí mẹ́ta tó fẹ̀ ní ínṣì mẹ́rin kọjá. Ewé fúrúùtù kan ṣoṣo fẹ̀ tó láti dé ọ̀kan nínú ihò yẹn pa.

Omi tó bá sì dúró síbẹ̀ wúwo. Gọ́tà tó fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 60, tó jìn ní 30, tó gùn ní mítà mẹ́wàá, tó bá kún, lítà 1,800 ni, ó wúwo ju Corolla kan lọ, ẹ sì gbé e lé etí ilé lókè níbi tó jẹ́ pé ọ̀pọ̀ bíríkìlà kàn na kọnkéré ẹ̀ síta lásán ni. Omi yẹn á máa rọra gba ojú ibi tó sán wọlé, á kan irin tó wà nínú kọnkéré, irin á dógùn-ún, irin tó bá sì dógùn-ún máa ń wú ni, tó bá ti wú, á fọ́ kọnkéré tó bò ó. Tẹ́ ẹ bá rí ìlà pupa rúsúrúsú lára ògiri lókè, tàbí tí ọ̀dà ń bó níbì kan ṣoṣo ní gbogbo ìgbà bó ti wù kẹ́ ẹ kùn ún tó, kì í ṣe oníṣẹ́ ọ̀dà ló ṣe yín níbi. Igi abẹ́ páànù ńkọ́? Ikán fẹ́ràn igi tó tutù. Ẹ̀fọn náà ò sì kọ omi tó dúró, láàárín ọ̀sẹ̀ kan sí méjì wọ́n á ti pamọ.

Ohun tó ń kó síbẹ̀ pọ̀. Ewé máńgòrò, ewé fúrúùtù tó máa ń wọ́ lásìkò ẹ̀ẹ̀rùn, ọ̀rá píọ́ wọ́tà tí atẹ́gùn gbé, bọ́ọ̀lù àwọn ọmọ. Eruku ọyẹ́ tó ti ń bà síbẹ̀ láti oṣù kejìlá á di ẹrẹ̀ tí òjò àkọ́kọ́ bá ti kàn án, koríko á hù. Ẹyẹ náà á tún yàgbẹ́ hóró igi ọdán síbẹ̀, èyí tó burú jù nìyẹn, torí gbòǹgbò ọdán ò mọ kọnkéré sí nǹkan kan, ẹ má wò ó pé ó kéré, ẹ fà á tu kíá.

Èmi o, àwọn tí mo bá jà jù ni àwọn oníṣẹ́ tó ń gòkè. Oní-díìṣì, oní-AC, àti oní-sólà tí gbogbo wa ń pè báyìí nítorí iná. Wọ́n á dúró sínú gọ́tà ṣiṣẹ́, wọ́n á lu ihò síbi tó wù wọ́n, wọ́n á já ìṣó àti àjákù irin sílẹ̀, wọ́n á fi bàtà tẹ felt, ìyẹn awọ dúdú tí kì í jẹ́ kí omi wọlé tí wọ́n fi bo inú gọ́tà, títí tó fi ya. Tí wọ́n bá ti parí, kí wọ́n tó sọ̀kalẹ̀, kẹ́ ẹ tó sanwó tó kù fún wọn, ẹ ní kí wọ́n ya fídíò gọ́tà láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Ẹ ò ní gbàgbọ́ bí ẹsẹ̀ wọn á ṣe yá láti gbálẹ̀.

Ìgbà wo ló yẹ kéèyàn gòkè? Ìparí oṣù kejì tàbí ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹta ṣe pàtàkì jù, nígbà tí ọyẹ́ ti lọ tí òjò ò tíì dé. Lẹ́yìn ìyẹn, August break, torí òjò oṣù kẹsàn-án àti ìkẹwàá ń bọ̀ lẹ́yìn. Tí igi bá wà nítòsí ilé yín, ẹ má dúró de ìgbà kankan, ẹ máa wò ó lóṣooṣù. Ṣọ́bìrì onírin ò dáa fún un, ó máa gé felt, páàkà oníke àti ìgbálẹ̀ ni kẹ́ ẹ lò, kẹ́ ẹ sì so okùn mọ́ garawa láti fi sọ ìdọ̀tí kalẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbá a sínú páìpù! Mo ti rí ẹni tó ṣe bẹ́ẹ̀, ìdọ̀tí lọ há síbi tí páìpù ti ṣẹ́ kọ́nà nínú ògiri, wọ́n wá fọ́ ògiri. Ẹ má gòkè nígbà tí ibẹ̀ tutù, tẹ́ ẹ bá sì máa tẹ páànù, ìlà tí ìṣó wà ni kẹ́ ẹ tẹ̀, torí ibẹ̀ ni igi wà lábẹ́.

Tó bá ti mọ́, ẹ da omi sí i látìpẹ̀kun kan kẹ́ ẹ máa wò ó. Omi tó bá ṣì dúró síbẹ̀ dọjọ́ kejì, gọ́tà yẹn ò rẹlẹ̀ síbi páìpù nìyẹn, ó yẹ kó máa rẹlẹ̀ bí ìdajì sẹ̀ǹtímítà sí ọ̀kan lórí mítà kọ̀ọ̀kan. Bíríkìlà tó mọṣẹ́ lè tún un ṣe. Àmọ́ kó má kàn po sìmẹ́ńtì lẹ̀ ẹ́ o, oòrùn á sán an kí ọdún tó yí po. Felt oníná tí wọ́n ń fi gáàsì yọ́ mọ́ ọn dáa, tí wọ́n bá lẹ̀ ẹ́ sójú ibi tó mọ́ tó gbẹ, tó gun ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, tó tún wọ inú ẹnu ihò páìpù lọ. Kẹ́ ẹ tó sanwó tán, ẹ dí ihò, ẹ pọn omi kún un níwọ̀nba tí kò ní kan etí apá inú, ẹ fi í sílẹ̀ fún wákàtí 24, kẹ́ ẹ wo abẹ́ ẹ̀.

Nǹkan kan wà tí kò wọ́n tó sì ń gba ilé là. Ẹ ní kí wọ́n lu ihò sí ògiri ìta, kí wọ́n ti páìpù onínṣì méjì bọ̀ ọ́, kó rẹlẹ̀ ju etí apá inú lọ dáadáa. Tí ìsàlẹ̀ bá dí, ibẹ̀ ni omi máa gbà tú síta. Kò ní wu àwọn àkítẹ́ẹ̀tì, wọ́n á ní ó ba ojú ilé jẹ́. Kó bà á jẹ́. Ọjọ́ tẹ́ ẹ bá rí i tí omi ń tú níbẹ̀, ẹ ti mọ̀ pé ó yá, ẹ gòkè. Ẹ tún fi wáyà tó yọrí sókè bo ẹnu ihò páìpù, èyí tó tẹ́ pẹrẹsẹ ò wúlò, ewé kan á dé e pa.

Ẹ̀yin tẹ́ ń kọ́lé sílé láti London, ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń ní kí wọ́n wá kó ewé kúrò nínú gọ́tà yín lọ́hùn-ún tí ewé bá ti ń wọ́, ilé tẹ́ ẹ kọ́ sí Ìbàdàn náà fẹ́ bẹ́ẹ̀, ẹ má fi sílẹ̀ fún ayálégbé tí kò ní àkàsọ̀. Ayálégbé náà, ẹ má dúró dìgbà tí POP bá já kẹ́ ẹ tó pe láńlọ́ọ̀dù, ẹ fi fídíò ránṣẹ́ látìgbà tẹ́ ẹ bá ti rí àmì omi roboto lókè.

Ìsàlẹ̀ páìpù ló kù. Àwọn kan máa ń darí ẹ̀ sínú ṣókàwé, òjò ńlá kan ṣoṣo á kún un, ilé ìyàgbẹ́ ò ní fà mọ́. Ẹ darí ẹ̀ sí gọ́tà ìta, àbí kẹ́ ẹ gbé táǹkì síbẹ̀ bíi tàwọn màmá wa. Òjò àkọ́kọ́ ọdún, ẹ jẹ́ kó ṣàn lọ ná, eruku ọyẹ́ àti ìgbẹ́ ẹyẹ ló ń fọ̀ bọ̀.