Bàálù ajubọ́ǹbù tó gbé oògùn

Ọjọ́rú, alẹ́

Àwòrán bàálù kan ni mo ń wò láti ìrọ̀lẹ́, ojú mi ò sì kúrò lára rẹ̀. XB-15 ni wọ́n ń pè é. Ẹyọ kan ṣoṣo ni Boeing ṣe nínú irú rẹ̀ fún àwọn ológun Amẹ́ríkà, ọjọ́ 15 oṣù Kẹwàá ọdún 1937 ló kọ́kọ́ fò. Apá rẹ̀ tó mítà 45 láti ìkángun dé ìkángun.

Apá yẹn gan-an ló gbà mí lọ́kàn. Ó nípọn débi pé ọ̀nà tóóró wà nínú rẹ̀, tí mẹkáníìkì lè rá gbà dé ìdí ẹ́ńjìnnì nígbà tí bàálù ṣì wà lókè. Mo dijú, mo ń rí ọkùnrin náà tó dojú bolẹ̀ nínú ariwo, sípánà lọ́wọ́ rẹ̀. Ibùsùn wà níbẹ̀, ilé ìdáná náà wà, torí ìrìn àjò ọlọ́jọ́ gbọọrọ ni wọ́n ṣe é fún.

Àmọ́ agbára rẹ̀ kéré sí ara rẹ̀. Ẹ́ńjìnnì mẹ́rin tí wọ́n fi sí i, agbára ẹṣin 850 péré ni ọ̀kọ̀ọ̀kan ní. Kò yára tó fún ogun.

Lálẹ́ ọjọ́ 24 oṣù Kìn-ín-ní ọdún 1939, ilẹ̀ mì tìtì ní Chillán, ní Chile. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn ló kú. Ní oṣù Kejì, Caleb Haynes, awakọ̀ bàálù ológun Amẹ́ríkà, àtàwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ gbé XB-15 kúrò ní Langley Field, pápá bàálù àwọn ológun ní Virginia, ní Amẹ́ríkà, wọ́n gba Panama dé Santiago, olú ìlú Chile. Oògùn ni wọ́n kó, nǹkan bíi kílò 1,470. Mo ṣírò rẹ̀: kò pé àpò sìmẹ́ńtì 30.

N kò lè pe ìyẹn ní kékeré. Nígbà tí ìyá mi wà lórí bẹ́ẹ̀dì ilé ìwòsàn, tí oògùn wọn tán, àbúrò mi gun ọ̀kadà wá a kiri títí di ọ̀gànjọ́. Páálí kan tí kò kún àtẹ́lẹwọ́ ló gbé dé. Mo ṣì ń rántí bí Màámi ṣe gbá a mọ́ àyà.

Nígbà ogun, wọ́n sọ XB-15 di akẹ́rù. Àwọn tó ń gbé e fò sọ ọ́ ní Grandpappy, Bàbá Àgbà. Ọdún 1945 ni wọ́n tú u palẹ̀ ní Panama. Ó dùn mí gan-an. Ì bá wù mí kí n rá gba inú apá yẹn lẹ́ẹ̀kan, kí n fọwọ́ kan irin ibẹ̀.