Èwo Ni Odò Missouri Fúnra Rẹ̀ Bí?

Nínú odò Missouri ní Amẹ́ríkà, ẹja kan wà tí wọ́n ń pè ní pallid sturgeon, èyí tí ìjọba àpapọ̀ ibẹ̀ kà mọ́ àwọn ẹ̀dá tó wà nínú ewu ìparun ní ọdún 1990. Mo ti ń tẹ̀ lé ìròyìn rẹ̀ fún ìgbà pípẹ́, ohun tí kò sì tẹ́ mi lọ́rùn ni bí wọ́n ṣe máa ń ka iye ẹja tí wọ́n dà sódò bí ẹni pé ọ̀rọ̀ ti parí síbẹ̀. Lójú tèmi, ohun tó yẹ kí á máa béèrè ni èwo nínú wọn ni odò fúnra rẹ̀ bí tó sì tọ́ dàgbà.

Dáàmù, ìyẹn odi ńlá tí wọ́n fi ń sé odò, ló fa wàhálà náà. Bí ẹyin ẹja yìí bá pa, ọmọ inú rẹ̀ kò tíì lè wẹ̀ dáadáa; omi ni yóò máa gbé e lọ fún ọ̀pọ̀ ọjọ́, ó sì lè rin ìrìn tó ju 200 kìlómítà lọ kí ó tó lágbára láti dúró. Láti ìgbà tí wọ́n ti fi dáàmù Garrison sé odò náà ní North Dakota ní ọdún 1953, ibi tí ìṣàn ń gbé àwọn ọmọ náà dé ni orí adágún Sakakawea, níbi tí omi ti dákẹ́, tí ẹrẹ̀ ìsàlẹ̀ sì ti gba gbogbo ọ́síjìn tán. Àwọn onímọ̀ láti Montana State University fi hàn ní ọdún 2015 pé ibẹ̀ ni wọ́n ń kú sí. Àwọn àgbà ẹja ṣì ń yé ẹyin, nítorí pé ẹja yìí lè lo àádọ́ta ọdún láyé àti jù bẹ́ẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n fún ọ̀pọ̀ ẹ̀wádún kò sí ọmọ tó ń rọ́pò wọn. Ìṣirò kan tó gbajúmọ̀ fi iye àgbà tó kù lókè adágún náà sí nǹkan bí 125.

Nítorí náà ni wọ́n ṣe ń mú akọ àti abo láti inú odò, tí wọ́n ń gún wọn lábẹ́rẹ́ kí wọ́n lè gba ẹyin lára wọn, kí wọ́n sì tọ́ ọmọ tí wọn yóò dà sódò, iṣẹ́ tí àwọn tó ń sin ẹja àrọ̀ nílé wa mọ̀ dunjú. Wọ́n máa ń tọ́jú DNA àwọn òbí náà pa mọ́, mo sì gbà pé àkọsílẹ̀ yìí níye lórí ju ẹja tí wọ́n dà sódò lọ.

Ìdí ni pé àmì tí wọ́n ń fi sára ẹja ọ̀sìn kí wọ́n tó dà á sódò máa ń sọnù. Àwọn tó ń ṣọ́ odò ń lo àwọ̀n, àti ìwọ̀ tí wọ́n fi ekòló sí; àwọ̀n tó máa ń há ẹja níbi tó fi ń mí kì í wọ omi àfi nígbà òtútù, nítorí pé ooru á pa ẹja inú rẹ̀. Wọ́n á wọn gígùn ẹja, wọ́n á wá chip, ìyẹn àmì ẹ̀rọ kékeré bí hóró ìrẹsì, lára rẹ̀, wọ́n á sì wò bóyá wọ́n ti yọ ọ̀kan nínú ìpẹ́ eegun ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ láti fi mọ ọdún tí wọ́n bí i. Bí gbogbo èyí kò bá sí, ẹnìkan lè sáré kéde pé ọmọ odò ni, bẹ́ẹ̀ ẹja ọ̀sìn tí àmì rẹ̀ ti jábọ́ ni. Wọ́n ní láti gé díẹ̀ lára lẹbẹ́ rẹ̀, kí wọ́n sì fi DNA rẹ̀ wé ti gbogbo òbí tó wà nínú àkọsílẹ̀. Ìrísí nìkan kò tó, pàápàá nítorí pé ẹja náà jọ ìbátan rẹ̀, shovelnose sturgeon, tí àwọn méjèèjì sì máa ń gun ara wọn.

Àwọn tí wọ́n dà sódò ní nǹkan bí ogún ọdún sẹ́yìn àti jù bẹ́ẹ̀ lọ ti ń tó ọjọ́ orí ẹyin yíyé báyìí. Lórí odò Yellowstone tó ń ṣàn wọ Missouri, ní tòsí ìlú Glendive, wọ́n ṣí ọ̀nà omi kan ní ọdún 2022 tó yí ibi tí wọ́n ti sé odò náà ní Intake ká, kí àwọn àgbà lè gòkè sí i láti yé ẹyin, kí ọmọ wọn sì ní ìrìn tó gùn tó kí wọ́n tó dé adágún. Ẹ̀rọ rédíò tí wọ́n fi sára àwọn ẹja kan ti fi hàn pé wọ́n ń gba ibẹ̀ kọjá. Ohun tí mo ń retí nínú ìròyìn tó ń bọ̀ ni ẹja ọlọ́dún mélòó kan tí DNA rẹ̀ kò bá òbí kankan nínú àkọsílẹ̀ mu.